Ìkágò Ni, Kì í Ṣe Ìdíwọ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn baba àti ìyá tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rédíò ní ilẹ̀ Yorùbá kò dúró de ìwé atúmọ̀ èdè kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n fi etí sí i, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó wà nínú àpótí náà. Síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún un sọ òótọ́ kan tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sọ: ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń gbà nínú rẹ̀.

Irú ojú tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi wo rédíò ni ó ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ lóde òní. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá ti inú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà dé, olùtumọ̀ a wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní wo kọ̀ǹpútà. Àpẹẹrẹ tí ó burú jù nínú wọn ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní interrupt. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu ènìyàn ni "ìdíwọ́", tàbí "ìdálọ́wọ́kọ́". Ẹni tí ó bá sì rò pé òun mọ èdè jù yóò sọ pé "ìjálù-ọ̀rọ̀". Gbogbo rẹ̀ ni kò tọ́. Wọ́n kò tọ́ nítorí pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ohun tí wọ́n ń dárúkọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì gba irọ́ náà gbọ́ kò ní lóye ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e.

Kí ni ohun náà gan-an? Inú kernel ni kí ènìyàn ti wò ó. Kernel ni apá tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú ètò tí ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà. Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ekùrọ́ pè é nítorí pé inú lọ́hùn-ún ni ó wà, tí àwọn ètò yòókù sì bò ó bí èèpo. Òun ni ó ń pín àkókò ọpọlọ kọ̀ǹpútà fún ètò kọ̀ọ̀kan, òun ni ó ń pín àyè ìrántí, òun ni ó sì dúró láàárín àwọn ètò àti àwọn ẹ̀rọ bíi kíbọ́ọ̀dù, dísìkì, àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí ènìyàn sọ pé òun ni baálé kò jù.

Ìṣòro baálé yìí ni pé ìyára òun àti ti àwọn ẹ̀rọ tí ó yí i ká kò bára mu rárá. Ẹni tí ó mọ ìwé tẹ̀ dáadáa lè tẹ lẹ́tà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí aago inú rẹ̀ ń dún ní 1,000,000,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (kékeré ni èyí lóde òní) yóò ti gbọ́ ìró aago náà ní ìgbà 200,000,000 láàárín lẹ́tà kan àti èkejì. Kí ni kí ó máa ṣe ní gbogbo àkókò yẹn? Bí ó bá ń yọjú sí ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà láti wò ó bóyá lẹ́tà ti dé, kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Bí ó bá kọ̀ tí kò yọjú, lẹ́tà yóò dé, èkejì yóò dé lé e lórí, ti àkọ́kọ́ yóò sì sọnù.

Yorùbá ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kọ̀ǹpútà. Onílé kì í jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ó máa ṣọ́ àlejò láti àárọ̀ di alẹ́. Yóò wà ní inú ilé, yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àlejò tí ó bá dé ni yóò kágò: "Àgò onílé o!" Onílé yóò gbọ́, yóò fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí ibi tí yóò ti rí i padà, yóò dáhùn pé "Àgò yà!", yóò gbọ́ ohun tí àlejò bá wá, yóò sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí interrupt jẹ́ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkágò ni. Ta ni yóò sọ pé ẹni tí ó kágò dí onílé lọ́wọ́? Ẹni tí ó wọlé láì kágò ni wọ́n ń bá wí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àfiwé lásán ni èyí, irú èyí tí olùkọ́ máa ń fi tu ọmọ kíláàsì nínú kí oorun má baà gbé wọn lọ. Ẹ wo kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1981, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì òde òní jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ara rẹ̀ kì í ké pe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní tààrà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 8259A ni wọ́n ń gbà, bí ẹní bá aṣọ́nà sọ̀rọ̀. Okùn 8 ni ó wọ inú aṣọ́nà yìí, láti 0 dé 7. Aago ni ó wà lórí okùn 0, kíbọ́ọ̀dù ni ó wà lórí okùn 1. Bí ẹ̀rọ kan bá fa okùn rẹ̀, aṣọ́nà yóò kágò fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò parí àṣẹ kan ṣoṣo tí ó ń mú ṣẹ lọ́wọ́, kò ní já a sí méjì, lẹ́yìn náà ni yóò dáhùn. Ìdáhùn náà jẹ́ àmì iná mànàmáná méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn, ìtumọ̀ wọn kò sì ju "Mo gbọ́, ta nì yẹn?" lọ. Aṣọ́nà yóò wá dárúkọ àlejò ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò mú lọ sínú tábìlì kan tí ó ní àyè 256, tí kernel ti kọ sínú ìrántí láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti ń jí, láti mọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe fún àlejò bẹ́ẹ̀.

Ipò àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí okùn 0 àti okùn 1 bá dún pọ̀, ti 0 ni aṣọ́nà yóò kọ́kọ́ mú wá, nítorí pé aago tí wọn kò dá lóhùn ní àkókò yóò mú kí kọ̀ǹpútà ṣi àkókò kà. Bí iṣẹ́ kan bá sì ń lọ lọ́wọ́, aṣọ́nà kò ní jẹ́ kí ẹni tí ipò rẹ̀ kò tó ti onítọ̀hún kágò títí kernel yóò fi sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ètò tí ó bá gbàgbé láti sọ gbólóhùn ìparí yẹn yóò bá ara rẹ̀ nínú ilé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́: àwọn àlejò wà níta, aṣọ́nà kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kernel ni ó ti ṣe àṣìṣe yìí, tí lẹ́tà kan ṣoṣo jáde lójú kọ̀ǹpútà wọn, tí èkejì kò sì jáde mọ́ láéláé. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi "ìdíwọ́" ṣàlàyé èyí. Ìdíwọ́ wo ni ènìyàn ń jẹ́ ìdáhùn fún? Ìdíwọ́ wo ni ó ń béèrè ìyọ̀ǹda?

Àwọn kan yóò sọ pé ètò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n dá dúró, nítorí náà ìdíwọ́ ni ó jẹ́ lójú ètò yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí òótọ́, ó sì yẹ kí wọ́n dáhùn rẹ̀. Nígbà tí ìkágò bá wọlé, ọpọlọ kọ̀ǹpútà a kọ ibi tí ètò náà dé sílẹ̀, kernel a tọ́jú gbogbo ohun tí ó wà ní ọwọ́ ètò náà, àti bí ìṣirò tí ó ṣe kẹ́yìn ti já sí. Nígbà tí iṣẹ́ àlejò bá parí, gbogbo rẹ̀ pátá ni wọn yóò dá padà sí ipò rẹ̀. Ètò náà kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá. Ohun tí a ṣe sí ènìyàn tí kò mọ̀, tí kò pàdánù ohunkóhun nínú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú bíńtín, ṣé ìdíwọ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn? Àti pé láti ọwọ́ ìkágò aago ni kernel ti ń rí ààyè gba ọpọlọ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ètò kan kí ó tó fi fún òmíràn. Bí kò bá sí ìkágò aago, ètò kan tí ó bá di olójúkòkòrò yóò jókòó sórí àga, kò sì ní dìde. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdíwọ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ètò kan di ìdíwọ́ fún gbogbo àwọn yòókù.

Kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ẹ̀rọ DYSEAC, tí àjọ National Bureau of Standards ti Amẹ́ríkà kọ́ ní 1954, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìkágò bá àwọn ẹ̀rọ ìgbàwọlé àti ìgbéjáde ṣiṣẹ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn ẹlẹgbẹ́ Edsger Dijkstra fẹ́ fi ìkágò sínú kọ̀ǹpútà tuntun kan tí wọ́n pè ní Electrologica X1. Ẹ̀rù ba Dijkstra. Kọ̀ǹpútà tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ èyí tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá fún un ní iṣẹ́ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Ṣùgbọ́n àlejò lè kágò láàárín àṣẹ èyíkéyìí àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí àṣìṣe bá wà, ó lè fara hàn lónìí, kí ó má fara hàn mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́ta ni ó fi dá ọ̀rọ̀ náà dúró kí ó tó gbà. Nígbà tí ó gbà tán, ètò tí ó kọ láti máa dá ìkágò lóhùn lórí X1 ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Amsterdam ní 1959.

Ìbẹ̀rù Dijkstra ṣì wà nínú kernel títí di òní, ibi tí ó sì ti hàn jù ni ilẹ̀kùn títì. Nígbà mìíràn onílé ń ka owó. Bí ó bá fi í sílẹ̀ ní ìdajì kí ó tó dá àlejò lóhùn, tí àlejò náà sì nílò owó kan náà, nǹkan yóò dàrú. Nítorí náà kernel a ti ilẹ̀kùn, a ka owó rẹ̀, a sì ṣí i kíákíá. Lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ilé-iṣẹ́ Intel, àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ cli tí ń ti ilẹ̀kùn, sti sì ni ó ń ṣí i. Wọ́n kò lé àlejò lọ. Ó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kernel tí ó bá ti ilẹ̀kùn pẹ́ jù yóò mú kí orin máa já, kí ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà máa fò.

Ìdí nìyí tí Linux, kernel tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí ó sì wà nínú gbogbo fóònù Android lónìí, fi pín ìdáhùn sí ọ̀nà méjì. Apá kìíní ni ti ẹnu ọ̀nà: kí àlejò, gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa lọ. Apá kejì ni ti inú ilé: tú ẹrù náà, pín in, jíṣẹ́ fún ẹni tí ó ni í. Ti kìíní gbọ́dọ̀ yára, kò sì gbọdọ̀ sùn, nítorí pé àga ẹlòmíràn ni ó jókòó lé. Ẹni tí ó ń jẹun ni ó dìde fún un. Bí ó bá sùn sórí àga náà, oúnjẹ ẹni ẹlẹ́ni yóò tutù, kò sì sí ẹni tí yóò jí i. Ti kejì lè dúró di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ nínú Linux kí ẹni tí ó ń kọ ètò fún ẹ̀rọ kan lè sọ ìdáhùn rẹ̀ di iṣẹ́ tí ó ń tò bí àwọn iṣẹ́ yòókù. Ètò gbogboogbò tí ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkágò di irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PREEMPT_RT, sì wọ inú ojúlówó Linux ní 2024, nínú ẹ̀dà 6.12, lẹ́yìn tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe é níta fún ọdún púpọ̀.

Àlejò lè pọ̀ jù pẹ̀lú. Ní 1996, Jeffrey Mogul àti K. K. Ramakrishnan ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀rọ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ya wọlé bí omi. Kernel yóò máa sọ "àgò yà, àgò yà" títí, kò ní ráyè tú ẹrù kankan. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì lọ síwájú. Ohun tí Linux ń ṣe sí èyí nínú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NAPI ni pé, bí ìkágò àkọ́kọ́ bá ti dún, kernel yóò sọ fún káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé kí ó má kágò mọ́, yóò sì máa jáde lọ kó ẹrù fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n títí ẹnu ọ̀nà yóò fi ṣófo. Ìgbà náà ni yóò tún sọ pé kí ó máa kágò. Onílé tí ó ń ṣe ìnáwó mọ ọgbọ́n yìí: lọ́jọ́ ayẹyẹ, kò sí ẹni tí ń kágò mọ́, ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹnìkan sì dúró níbẹ̀ láti máa gba àwọn ènìyàn wọlé.

Ìkágò tí kò ní olówó ńkọ́? Ó wà. Okùn kan lè jẹ́ ti ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Bí ó bá dún, kernel a bi ètò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ṣé tìrẹ ni? Bí gbogbo wọn bá sọ pé kì í ṣe tiwọn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú 100,000 ìkágò, bí èyí tí kò ní olówó bá ju 99,900 lọ, Linux yóò ti okùn náà pa, yóò sì kọ gbólóhùn kan sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó bìkítà. Gbólóhùn náà ba ènìyàn nínú jẹ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó jẹ́ láti dúró sí ẹnu ọ̀nà kan kí ó kágò títí kí wọ́n má dá a lóhùn ni yóò mọ bí ó ti bá a mu tó.

Òótọ́ ni pé orúkọ yìí kò bo gbogbo ilẹ̀, àwọn tí ó ń gbèjà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ìkágò kan wà tí kernel kò lè fi cli ti ilẹ̀kùn mọ́; ewu ńlá bíi kí ìrántí kọ̀ǹpútà bàjẹ́ ni ó sábà máa ń mú un wá. Èyí kọjá ìkágò, igbe "Ẹ gbà mí o!" ni. Òmíràn sì ń ti inú ètò tí ń ṣiṣẹ́ gan-an jáde, bí ètò bá fi òdo pín nọ́ńbà. Ìyẹn kì í ṣe àlejò rárá, ẹni tí ń rìn ni ó fẹsẹ̀ kọ. "Ìkọsẹ̀" ni orúkọ tí ó tọ́ sí i. Intel fúnra rẹ̀ ya àyè 32 àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún irú wọ̀nyí nínú tábìlì alá-256 náà. IBM kò kọbi ara sí i ní 1981, ó fi àwọn okùn aṣọ́nà rẹ̀ sí àyè 8 dé 15. Títí di òní, kernel tí ó bá ṣì ń bá irú aṣọ́nà bẹ́ẹ̀ lò ní láti kó wọn kúrò níbẹ̀ kí àlejò àti ìkọsẹ̀ má baà máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tí ó bá ní orúkọ méjì lọ́wọ́ yóò lóye ìdí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ní "ìdíwọ́" nìkan yóò máa wò suu.

Ó ku àwọn tí ó sọ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC yóò fi béèrè ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ tiwọn sàn ju ti àwọn alátìlẹ́yìn "ìdíwọ́" lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ àyálò kò purọ́. Ó kàn dákẹ́ ni. "Kọ̀ǹpútà" kò sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀, kò sì sí ìjà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ yìí kò dákẹ́ ní etí ọmọ Yorùbá. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bá wí nítorí pé ó já lu ọ̀rọ̀ àgbà ti mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ìtumọ̀ yẹn ni yóò sì gbé wọ kíláàsì kọ̀ǹpútà. Yóò béèrè, bí kò tilẹ̀ la ẹnu, pé: bí ó bá jẹ́ ìwà àìdára, kí ló dé tí àwọn amòye kò fi mú un kúrò? Lẹ́yìn náà ni yóò há a sórí fún ìdánwò.

Wọ́n ti dán èyí wò rí. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ ìdarí Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí olùkọ́ Yorùbá fi rí ọ̀rọ̀ tí yóò máa fi kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀ láì kólòlò. Kí olùkọ́ Yorùbá tí ó ń jẹ èso iṣẹ́ yẹn wá sọ pé ti kọ̀ǹpútà kò kan òun, kí ó jókòó kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà máa fi "ìdíwọ́" ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ní kíláàsì kejì, ìwà wo ni ìyẹn? Kò gba owó, kò sì gba àjọ kankan. Ó gba kí àwọn méjèèjì jókòó ní yàrá olùkọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àkókò ìsinmi.

Bí wọ́n bá sì rí kọ̀ǹpútà kan tí Linux wà lórí rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka fáìlì tí ń jẹ́ /proc/interrupts. Yóò rí ìlà kọ̀ọ̀kan fún àlejò kọ̀ọ̀kan, àti iye ìgbà tí ó ti kágò láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti jí. Bí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí ń gba ọ̀nà i8042, kí ó wo nọ́ńbà tí ó wà ní ìlà yẹn, kí ó tẹ bọ́tìnnì Shift lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kí ó tún fáìlì náà kà. Nọ́ńbà náà yóò ti lé sí i, kì í sì í ṣe ẹyọ kan ni yóò fi lé: ìkágò kan fún títẹ̀, òmíràn fún jíjọ̀wọ́, àti ti àwọn bọ́tìnnì tí ó fi pe fáìlì náà padà.